Ẹ̀rọ Dráàfù Inú Ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde: Rọ́bà Ló Kúrú, Gáàsì Kọ́ Ló Pọ̀ Jù

Ẹ̀rọ dráàfù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fa bíà jáde láti inú àgbá irin tí a ń pè ní kẹ́ẹ̀gì, wá láti ilé ìtajà kan tó ń ta ohun èlò òtẹ́ẹ̀lì ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ti ń lò ó nínú ilé mi láti ìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Èrò mi nípa rẹ̀ kò fara sin rárá. Ẹ̀rọ náà dára, irin rẹ̀ nípọn, fíríìjì rẹ̀ ń tutù dáadáa, kò sì sí ariwo lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n rọ́bà tó ń gbé bíà láti inú kẹ́ẹ̀gì lọ sí ẹnu ẹ̀rọ kúrú jù, ìmọ̀ràn tí àwọn tó ń tà á sì ń fún oníbàárà nígbà tí ìfófó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú kò tọ̀nà. Ohun méjì yìí lè mú kí ẹni tó ra ẹ̀rọ tó dára máa rò pé gbàǹjo ni wọ́n tà fún òun, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé wọn dé gbòǹgbò.

Ohun tí wọn yóò gbé wá sílé yín ni fíríìjì kan tó ga dé ìbàdí àgbàlagbà, tí òpó irin kan dúró lé lórí, tí ẹnu ẹ̀rọ sì wà lára òpó náà. Àwọn nǹkan mìíràn tó bá a wá ni sílíńdà gáàsì CO2, ìyẹn gáàsì tó ń mú bíà ta lẹ́nu, tó ń gba kílò 2.3, rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín agbára gáàsì náà kù, tó sì ní aago méjì, kẹ́ẹ̀gì onírin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gba lítà 19, àti rọ́bà kan tó mọ́ gaara, tí ihò inú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 3/16, tí gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Bí a bá fi ìgò ńlá oní-sẹ̀ǹtílítà 60 tí gbogbo wa mọ̀ ṣírò rẹ̀, bíà inú kẹ́ẹ̀gì kan lé díẹ̀ ní ìgò 31. Lóòótọ́, ilé ìpọntí ńlá wà ní Ṣágámù tí kò jìnnà sí wa níbí, síbẹ̀ inú ìgò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ bíà. Ẹni tí ẹ̀rọ yìí wúlò fún jù lọ ni ẹni tó ń pọn bíà tirẹ̀ nílé bíi tèmi, nítorí kò ní máa fọ ìgò kiri mọ́, kò sì ní máa dúró de ìwúkàrà kó ṣe gáàsì nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Gáàsì inú sílíńdà ni yóò wọ inú bíà náà.

Ọ̀rọ̀ ìfófó ló kọ́kọ́ yọjú. Bí a bá fa bíà sínú kọ́ọ̀pù, ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò jẹ́ ìfófó, tí a ó sì máa dúró kó tó wálẹ̀. Mo pe ilé ìtajà náà, ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá sì yára dé, ó mọ̀wà hù, ó sì bọ̀wọ̀ fún mi. Ó wo aago, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, gáàsì yín ló pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká dín in kù sí márùn-ún, ẹ ó rí i pé á dákẹ́.” Ó dín in kù, ìfófó náà sì dákẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, bíà náà kò ta lẹ́nu mọ́, ó wá dà bí ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú, nígbà tó sì yá, ìfófó tí a rò pé ó ti lọ tún padà dé.

Ìdí tí èyí fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni gáàsì CO2 ń ṣe nínú ẹ̀rọ yìí. Ó ń ti bíà jáde, ó sì ń dá gáàsì tó wà nínú bíà fúnra rẹ̀ dúró kó má baà sá lọ. Ohun méjì ló sì ń pinnu iye gáàsì tí bíà lè gbà mọ́ra: bí ó ṣe tutù tó, àti bí agbára gáàsì tó wà lórí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bíà aláwọ̀ wúrà tí a fẹ́ kí gáàsì inú rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ àyè tí bíà náà gbà, tó sì wà ní dígírì 3 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́sì, PSI 11 sí 12 ni yóò gbà (PSI ni ìwọ̀n agbára gáàsì tí aago ń fi hàn). Bí bíà kan náà bá móoru dé dígírì 10, ó ti di PSI 17 tàbí 18 kí gáàsì náà tó lè jókòó síbẹ̀. Bí ó bá wá dé dígírì 30, bí ilé wa ṣe máa ń rí lọ́sàn-án oṣù kẹta, ó ti lé ní PSI 38. Ẹni tó bá ti ṣí ìgò Fáńtà tó ti wà nínú oòrùn rí ti mọ ohun tí mò ń wí.

Nítorí náà, nígbà tí a bá dín rẹ́gúlétọ̀ kù sí PSI 5 tí bíà sì wà ní dígírì 3, bíà náà kò ní yéé tú gáàsì sílẹ̀ títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú márùn-ún yẹn, gáàsì tó máa kù nínú rẹ̀ kò sì ní tó ìlọ́po méjì mọ́. Inú rọ́bà ni díẹ̀ nínú gáàsì náà yóò ti máa bọ́, ìyẹn ló sì ń mú kí ìfófó padà. Ìmọ̀ràn pé kí á dín gáàsì kù wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń tún ẹ̀rọ yìí ṣe, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ tí wọn kò sì ní sí nílé nígbà tí àbájáde rẹ̀ bá dé. Mo rọ gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yìí pé kí wọ́n fi aago sílẹ̀ níbi tó yẹ kó wà, kí wọ́n sì wo rọ́bà ná.

Rọ́bà ló ń jẹ́ kí bíà rọra dé ẹnu ẹ̀rọ. Bíà tó kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì pẹ̀lú agbára PSI 12 gbọ́dọ̀ ti pàdánù èyí tó pọ̀ jù nínú agbára yẹn lójú ọ̀nà kó tó jáde sí afẹ́fẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ńṣe ni yóò tú jáde pẹ̀lú ìkanra, tí gáàsì inú rẹ̀ yóò sì bọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìṣirò àwọn oníṣẹ́ dráàfù ni pé ẹsẹ̀ bàtà kan rọ́bà oní-ínṣì 3/16 máa ń gba nǹkan bíi PSI 2 sí 3, gbogbo ẹsẹ̀ bàtà kan tí bíà bá sì gùn lọ sókè ń gba ìdajì PSI. Nígbà tí ènìyàn bá lò ó gan-an, ohun tí rọ́bà ń gbà máa ń kéré sí èyí tí wọ́n ṣírò, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn bíà nílé fi ń lo ẹsẹ̀ bàtà 10, ìyẹn nǹkan bíi mítà 3, fún PSI 12. Ẹsẹ̀ bàtà 5 tó bá ẹ̀rọ yìí wá jẹ́ ìdajì èyí tó yẹ. Rọ́bà gígùn kò sì ní ewu kankan àfi pé bíà yóò máa jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ ra mítà 3, ẹ so ó mọ́ ẹ̀rọ, bí bíà bá wá ń lọ́ra jù, ẹ máa gé e kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tí ó kúrú tẹ́lẹ̀ ni kò ṣeé fà gùn. Kí ẹ rí i dájú pé irú rọ́bà tí wọ́n ṣe fún ohun mímu ni, nítorí èyí tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà máa ń ba adùn bíà jẹ́.

Nítorí pé rọ́bà náà mọ́ gaara, ó ń sọ ibi tí àìsàn wà fún ẹni tó bá farabalẹ̀ wò ó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fa bíà fún wákàtí bíi mélòó kan, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì tàn án. Bí rọ́bà bá kún fún bíà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsí àlàfo, ara ẹ̀rọ le. Bí ẹ bá rí hóró gáàsì kéékèèké tí wọ́n ń gòkè láti ibi tí rọ́bà ti so mọ́ kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n ń kóra jọ síbi tí rọ́bà ti tẹ̀ títí tí wọ́n fi di àlàfo tó gùn tó ìka ọwọ́, a jẹ́ pé inú kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀: yálà bíà náà kò tutù tó, tàbí gáàsì tó wà nínú rẹ̀ ju èyí tí aago ń sọ lọ. Bí ó bá jẹ́ apá òkè nìkan, nítòsí òpó, ni àlàfo wà, ooru òpó ló fà á.

Ọ̀rọ̀ òpó yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí ìta fíríìjì ló wà, irin ni, ooru Ìjẹ̀bú sì ń wọ̀ ọ́ lára láti àárọ̀ dalẹ́. Bíà ìwọ̀nba tó dúró sínú rẹ̀ yóò móoru, ìdí nìyẹn tí kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ fi máa ń jẹ́ kìkì ìfófó nígbà tí ìkejì àti ìkẹta ń jáde dáadáa. Ẹni tó bá rí àmì yìí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan rẹ́gúlétọ̀ rárá. Fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà, irú èyí tó ń lo fóltì 12, ni mo so mọ́ ìsàlẹ̀ inú fíríìjì, mo sì fi ọ̀pá rọ́bà kékeré kan darí atẹ́gùn tútù rẹ̀ gba inú òpó lọ sókè títí dé ẹ̀yìn ẹnu ẹ̀rọ. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀, nítorí pé owó fáànù yìí kò tó nǹkan, síbẹ̀ ìyàtọ̀ tó ṣe hàn kedere: òpó náà ti ń làágùn lára báyìí bíi ti ìgò tútù, kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ kò sì yàtọ̀ sí àwọn tó tẹ̀ lé e mọ́. Ì bá dára kí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti fi irú fáànù bẹ́ẹ̀ sí i láti ilé iṣẹ́ wọn.

Ohun tí ìwé ìlànà ẹ̀rọ náà kò mẹ́nu bà rárá ni iná mànàmáná, ó sì hàn gbangba pé ibi tí iná kì í ti í lọ ni wọ́n ti kọ ọ́. Bí iná bá lọ tó pẹ́, bíà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í móoru, gáàsì yóò máa jáde kúrò nínú rẹ̀ bọ́ sí àyè tó wà lórí rẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, agbára ibẹ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i kọjá PSI 12 tí ẹ fi aago sí. Ẹni tó bá fa bíà ní irú àkókò yìí, ìfófó ni yóò fi kún kọ́ọ̀pù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ènìyàn á fa òrùka tó wà lórí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì kí gáàsì náà lè tú jáde, wọ́n á sì rò pé àwọn ti yanjú ọ̀rọ̀. Gáàsì tí wọ́n tú dànù yẹn gan-an ló yẹ kó padà sínú bíà nígbà tó bá tún tutù. Bí wọ́n bá ti tú u lẹ́ẹ̀melòó kan, bíà tútù tí kò ta lẹ́nu ni yóò kù fún wọn, wọn yóò sì ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gáàsì sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ti ilẹ̀kùn fíríìjì pa, ẹ má fa bíà, ẹ má tú gáàsì, ẹ jẹ́ kí iná dé kí bíà sì tún tutù fún odindi ọjọ́ kan. Ẹ má sì gbára lé nọ́ńbà tó wà lára fíríìjì. Inú kọ́ọ̀pù omi tó ti sùn sínú fíríìjì ni kí ẹ ti tẹmọ́mítà bọ̀, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń tètè tutù ju bíà lọ. Ẹni tó bá ní ínfátà tàbí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn tó lè gbé fíríìjì kékeré kò ní mọ wàhálà yìí lára. Ẹni tí kò bá ní in, tí iná àdúgbò rẹ̀ kò sì dúró, n kò lè sọ fún un pé kó ra ẹ̀rọ yìí, bó ti wù kó wù ú tó.

Fífi gáàsì sí bíà tuntun kò le. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ mú bíà tutù, kí ẹ sì fi aago sí PSI 12, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Àwọn tí kò ní sùúrù máa ń gbé e sí 30 fún bí ọjọ́ kan kí wọ́n tó dá a padà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, gáàsì yóò pọ̀ jù nínú bíà. Irú bíà bẹ́ẹ̀ ni ẹ lè lo òrùka tó wà lórí ọmọrí kẹ́ẹ̀gì fún: ẹ pa gáàsì, kí ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan lójúmọ́ títí yóò fi wálẹ̀.

Bí bíà bá wá ń tutù, tí aago sì wà níbi tó yẹ, síbẹ̀ tí kò ta lẹ́nu, jíjò ni kí ẹ fura sí. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi kí ó hó, kí ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn fún un sí gbogbo oríkèé, láti ọrùn sílíńdà dé ọmọrí kẹ́ẹ̀gì. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń wú ni gáàsì ti ń jáde. Lára kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gbé wá fún mi, òrùka rọ́bà ọmọrí ọ̀kan ti gbẹ kí ó tó dé, ilé ìtajà sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjiyàn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí aago kejì, èyí tó ń wo inú sílíńdà, tàn yín jẹ. Nínú ilé tó wà ní dígírì 20, nǹkan bíi PSI 830 ni yóò máa fi hàn bí sílíńdà kún tàbí bí ó ku díẹ̀, nítorí pé gáàsì olómi ló wà nínú rẹ̀, ìgbà tí omi yẹn bá tán ni aago tó ń já wálẹ̀, ó sì ti pẹ́ jù nígbà náà. Nínú ooru tiwa, nọ́ńbà yẹn ń ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n kílò ni kí ẹ fi mọ ohun tó kù: ìwúwo sílíńdà òfìfo wà lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ.

Ẹ jẹ́ kí sílíńdà dúró ṣánṣán nígbà gbogbo kí omi gáàsì má baà wọ rẹ́gúlétọ̀, ẹ má sì fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn. Bákan náà, yàrá tí ẹ bá gbé e sí gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, nítorí CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò ní àwọ̀, bó bá sì jò sínú yàrá tó há, ó lè pa ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí oníṣòwò máa sáré sọ lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó bá ń lọ.

Ẹnu ẹ̀rọ nílò ìtọ́jú. Bíà tó gbẹ sínú rẹ̀ máa ń lẹ̀, bíà tó bá sì gba orí ohun tó lẹ̀ kọjá yóò hó. Èèrà náà kò ní jìnnà síbẹ̀. Ẹ fi oògùn ìfọ-rọ́bà gba inú rọ́bà àti ẹnu ẹ̀rọ kọjá ní gbogbo ọjọ́ 14, bí àwọn tó ń ta dráàfù ní ilé ọtí tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣàn án dáadáa. Bí ẹ bá ń fa bíà, ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ dé òpin lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ṣíṣí i ní ìlàjì ń há bíà mọ́ ọ̀nà tóóró, ó sì ń mú un hó. Ní ti kọ́ọ̀pù, ọ̀rá ni ọ̀tá: kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn ọbẹ̀ fọ̀, tàbí ètè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìkọ́kọrẹ́, yóò pa ìfófó tó rẹwà tó yẹ kó wà lórí bíà, àwọn ènìyàn á sì máa sọ pé gáàsì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ fi omi tútù ṣan kọ́ọ̀pù náà kí ẹ sì wò ó: bí omi bá tẹ́ bo ara rẹ̀ láìṣẹ́ sí kóńkóló, ó mọ́.

Owó ẹ̀rọ náà ju ti fíríìjì ńlá tuntun lọ, mo sì gbà pé ó tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń pọn bíà déédéé tàbí tó ń gba àlejò lópin ọ̀sẹ̀ bí a ṣe mọ ilé Ìjẹ̀bú sí. Ohun tí n kò lè gbà ni pé ilé ìtajà náà ní rọ́bà oní-mítà 3 lórí pẹpẹ wọn, tí wọ́n ń tà á lọ́tọ̀, nígbà tí wọ́n ń fi èyí tó kúrú sínú páálí. Ẹ béèrè rọ́bà gígùn náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Ẹ tún gba òrùka rọ́bà kẹ́ẹ̀gì tó pé méjì méjì ní gbogbo ìwọ̀n, nítorí pé bí ọ̀kan bá já lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí ilé ìtajà yẹn sì ti tì, Èkó ni ẹ ó ti máa wá òmíràn.